Bí Mo Ṣe To Àwọn Kòkòrò Kúkúrú-Ìyẹ́ Àgbàlá Wa ní Òṣogbo

Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, kòkòrò á bo gílóòbù ìta wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Lásìkò yẹn náà ni àwọn ará ilé máa ń ké pé aláǹtakùn tọ̀ sí àwọn lára: ilà pupa á yọ lọ́rùn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, á máa ta, á sì di ìléròrò. Èmi ò gbà. Kòkòrò kan báyìí ni mo fura sí, mo sì pinnu láti kó gbogbo ẹbí rẹ̀ jọ kí n lè yà á sọ́tọ̀.

Ẹni tó mọ Òṣogbo á ní kí ló dé tí n kò lọ sí Igbó Ọ̀ṣun. A kì í ṣọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja, UNESCO sì ti kà á mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé láti 2005. Àgbàlá wa tó mi.

Mo ta aṣọ funfun sábẹ́ gílóòbù. Mo ri ife ike mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn, ẹnu rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba, mo bu omi ọṣẹ díẹ̀ sí i. Ewé jíjẹrà ní tirẹ̀, ajọ̀ gàrí tó ti gbó ni mo fi jọ̀ ọ́. Ẹ̀mú kékeré tí a fi ń yọ ẹ̀gún ni mo fi mú wọn sínú sípírítì. N kò fọwọ́ lásán kan ìkankan.

Ìdílé Staphylinidae, ìyẹn àwọn kòkòrò kúkúrú-ìyẹ́, ni mò ń wá. Latreille, onímọ̀ kòkòrò ará Faransé, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1802, ẹ̀yà rẹ̀ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ sì ti ju 60,000 lọ. Ìyẹ́ líle iwájú rẹ̀ kúrú bíi bùbá tó ga ju ìdodo lọ, ikùn wà níta gbangba. Ìyẹ́ tó fi ń fò wà lábẹ́ rẹ̀, ní kíká, ikùn yẹn náà ló sì fi ń tì í wọlé. Èyí tó bá ní ẹ̀mú ní ìdí kì í ṣe ara wọn. Mo dà á nù.

Ìdílé yìí tún pín sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Ibi tí ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ orí wọn ti hù ni mo kọ́kọ́ wò. Bó bá hù láàárín ojú méjèèjì, ìsọ̀rí Aleocharinae ló sábà máa ń jẹ́, àwọn wẹ́wẹ́ tí òmíràn nínú wọn ń bá èèrà àti ikán gbé. Àwọn Pselaphinae sanra, wọ́n kúrú. Ìdílé ọ̀tọ̀ ni wọ́n kà wọ́n sí tẹ́lẹ̀, kí Newton àti Thayer, àwọn onímọ̀ kòkòrò, tó dà wọ́n pọ̀ mọ́ Staphylinidae ní 1995. Àwọn ńlá dúdú tó ń jẹ ìdin lórí ìgbẹ́, Staphylininae.

Afurasí mi wá kù. Orí dúdú, àyà pupa rúsúrúsú, ìyẹ́ búlúù tó ń dán, ìdí dúdú. Oríkèé márùn-ún ló wà ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀kẹrin sì là sí méjì. *Paederus* ni, orúkọ kan tí ẹ̀yà púpọ̀ jọ ń jẹ́.

Kì í ta ni, kì í sì í géni jẹ. Májèlé tí wọ́n ń pè ní pederin wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ pa lára, ó di wàhálà. Ní 2002, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Jörn Piel, fi hàn pé bakitéríà tó ń gbé inú kòkòrò náà ló ń ṣe é. Abo ń fi májèlé náà sínú ẹyin, ọmọ sì jogún rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò, irú aláǹtakùn kan tó ń sáré ṣọdẹ lórí ilẹ̀ kọ àwọn ọmọ tó ní májèlé yìí, kò jẹ wọ́n. Aláǹtakùn tí wọ́n ń bú nílé wa! Ṣùgbọ́n n kò dá wọn lẹ́bi: ọjọ́ kejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí a tẹ kòkòrò náà pa ni ara sábà máa ń bó. Ta ló máa rántí kòkòrò ìjẹta?

Ìyá Kẹ́hìndé bi mí pé, “Bọ̀dá, ṣé kí n máa pa á ni?”

“Ẹ má pa á lára yín, mà. Ẹ fẹ́ ẹ dànù, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀, ẹ má fọwọ́ yẹn ra ojú. Ó kúkú ń jẹ kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ẹ̀fọ́ yín.”

Láti mọ ẹ̀yà rẹ̀ gan-an, àfi kí wọ́n yọ nǹkan ọkùnrin akọ rẹ̀ wò lábẹ́ maikirosikópù. Awò ọwọ́ mi kò tó bẹ́ẹ̀. “*Paederus*, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, lábẹ́ gílóòbù” ni mo kọ sórí bébà tí mo fi sínú ìgò, pẹ́ńsù ni mo sì fi kọ ọ́, torí sípírítì máa ń pa bírò rẹ́.