Bẹ́ ẹ ṣe lè bá Google ṣeré, àti bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ tẹ́nìkan bá ti dọ́gbọ́n sí i

Ẹ ṣí Google báyìí, kẹ́ ẹ tẹ "do a barrel roll" síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ lẹ́rán. Gbogbo ojú ìwé yẹn á takìtì lẹ́ẹ̀kan, á tún dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan. Látọdún 2011 ló ti ń ṣe é. Tẹ́ ẹ bá tẹ "askew", ojú ìwé á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀ẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé fóònù yín ló ti bà jẹ́. "Recursion" lèmi fẹ́ràn jù, torí ṣe ló máa bi yín pé ṣé "recursion" lẹ fẹ́ kọ ni, tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ á tún bi yín, ẹ̀ẹ́ kàn máa pòòyì lójú kan náà ni, ohun tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì túmọ̀ sí gan-an nìyẹn. "Anagram" náà ń ṣe tiẹ̀: á ní ṣé "nag a ram" lẹ fẹ́ kọ ni, ẹ ka lẹ́tà wọn wò.

Àwọn yẹn, Google fúnra ẹ̀ ló fi síbẹ̀. Àmọ́ eré tó dùn jù, àwọn ará ìta ló ṣe é fún un láìgbàṣẹ. Ní 2003, téèyàn bá tẹ "miserable failure", ìtàn ìgbésí ayé George W. Bush, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn, lórí sáìtì White House ló máa kọ́kọ́ yọjú. Ẹnikẹ́ni ò já wọ inú kọ̀ǹpútà Google o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá gbé líǹkì sórí sáìtì yín, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi kọ líǹkì yẹn, Google máa ń gbà á bí ẹ̀rí nípa ibi tó ń lọ, làwọn èèyàn bá fohùn ṣọ̀kan, kálukú kọ ọ̀rọ̀ méjì yẹn sórí sáìtì tiẹ̀, wọ́n sì darí líǹkì ẹ̀ sọ́dọ̀ Bush. Ẹlẹ́rìí pọ̀, Google gbà. Adam Mathes, ẹnì kan tó ń kọ nǹkan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ti sọ irú ẹ̀ ní Google bomb ní 2001, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló sì kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó di January 2007 ni Google tó tún ìṣirò ẹ̀ ṣe, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fi ṣiṣẹ́ mọ́. Síbẹ̀ ní 2018, tẹ́ ẹ bá wá àwòrán "idiot", Donald Trump ló kún ibẹ̀, débi pé wọ́n bi Sundar Pichai, ọ̀gá àgbà Google, nípa ẹ̀ nílé aṣòfin Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin náà lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹnì kan ti dọ́gbọ́n sí ohun tí Google gbé jáde. Ẹ ṣí ojú ìwé tó gbé jáde yẹn, kẹ́ ẹ tẹ Ctrl+F, kẹ́ ẹ wá ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi wá a. Tí ò bá sí níbẹ̀ rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ líǹkì àwọn ẹlòmíì ló gbé e débẹ̀. Ẹ tún un wá nínú incognito, ìyẹn fèrèsé tí kì í lo ohun tẹ́ ẹ ti wá tẹ́lẹ̀, kó má lọ jẹ́ ohun tẹ́ ẹ ti ń wá tẹ́lẹ̀ ló ń dá padà fún yín. Èyí tí wọ́n bá sì kọ "Sponsored" sí lára, owó ló gbé e dókè, ìyẹn ò tiẹ̀ le.

Ẹ máa wo àdírẹ́ẹ̀sì náà o. Nígbà kan, téèyàn bá tẹ "French military victories" tó sì tẹ "I'm Feeling Lucky", ìyẹn bọ́tìnnì tó máa ń gbéèyàn lọ tààrà sójú ìwé àkọ́kọ́ tí Google bá rí, á rí ojú ìwé tó ń béèrè pé ṣé "French military defeats" lò ń wá ni. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín kú, Google kọ́ ló kọ ọ́, ẹnì kan ló ṣe ojú ìwé tó jọ ọ́.

Kéèyàn ṣe ayédèrú screenshot ohun tí Google gbé jáde ló wá rọrùn jù, ẹ dán an wò kẹ́ ẹ rí i. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wá nǹkan tó bá wù yín, ẹ right-click ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó gbé jáde, ẹ mú Inspect. Kóòdù á ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀, ẹ pa á rẹ́, ẹ kọ ohun tó bá wù yín, kẹ́ ẹ tẹ Enter. Google ti sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó sọ nìyẹn. Ẹ yà á ní screenshot kíá o, torí tẹ́ ẹ bá ti refresh báyìí, gbogbo ẹ̀ á pòórá, screenshot yẹn nìkan ló máa kù.