Ẹ Má Tíì Ra Dísíbútọ̀ Mìíràn: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Jíà Tó Ń Jẹ

Ọ̀sẹ̀ wo ni wọn kì í gbé Chevrolet ẹlẹ́ńjìnnì lítà 5.7 kan wọ Apo, ọgbà àwa mẹkáníìkì ní Abuja, tí ẹni tó ni ín mú dísíbútọ̀ tuntun (ohun tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì) dání, tí èyí tó rà ṣáájú kò sì pẹ́ tó fi jẹ tán? Jíà ìsàlẹ̀ dísíbútọ̀ kì í ṣàdédé jẹ. Nǹkan kan ló ń jẹ ẹ́. Bí ẹ kò bá wá nǹkan náà rí, oúnjẹ lẹ kàn ń rà fún un.

Èkíní, sísọ jíà àtijọ́ nù láì wò ó. Ẹ fi pẹtiróò fọ̀ ọ́, ẹ gbé e sójú oòrùn. Bí ó bá jẹ dọ́gba láàárín eyín yíká, irin ni kò bára mu, tàbí ẹrù ló wúwo jù. Bí ó bá jẹ́ òkè eyín nìkan tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló jẹ, dísíbútọ̀ kò jókòó síbi tó yẹ.

Èkejì, irin tí kò bára mu. Káàmù ni ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, eyín rẹ̀ ló sì ń yí jíà yìí. Káàmù tó ń lo tápẹ́ẹ̀tì pẹrẹsẹ, irin dídà ni, jíà irin dídà sì bá a rẹ́. Káàmù onírólà, tí tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní kẹ̀kẹ́ kékeré nísàlẹ̀, sítíìlì ni púpọ̀ nínú wọn, kíákíá ni wọ́n sì máa ń lọ jíà irin dídà. Ọkọ̀ akẹ́rù Chevrolet tó gbé 5.7 títí di 1995, pẹrẹsẹ ni. Ẹ́ńjìnnì 5.7 tuntun tí wọ́n pè ní Vortec, tó dé ní 1996, rólà ni. Ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì kan náà ni, ẹni tó ń ta páàtì á sì búra pé kò sí ìyàtọ̀. Máágínẹ́ẹ̀tì kò lè fi irin dídà hàn yàtọ̀ sí sítíìlì. Jíà onídẹ nìkan ni kò ní gbé. Onídẹ rọ̀, òun ló ń kú dípò káàmù. Ó dára fún ọkọ̀ eré ìje tí wọ́n ń tú wò lóòrèkóòrè, kì í ṣe fún bọ́ọ̀sì tó ń sáré Abuja sí Kaduna lójoojúmọ́. Káàmù sítíìlì mìíràn tún wà tí wọ́n tẹ jíà irin dídà mọ́ lẹ́yìn; ìwé tó bá a wá ni kí ẹ kà.

Ẹ̀kẹta, gbígbé jíà tuntun lé eyín káàmù tó ti bàjẹ́. Tọ́ọ̀ṣì kan péré lẹ nílò láti wo inú ihò tí dísíbútọ̀ ń wọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ọ́ìlì. Ọ̀pá dísíbútọ̀ ló ń yí páǹpù ọ́ìlì nísàlẹ̀, eyín jíà ló sì ń ru gbogbo ẹrù rẹ̀. 5W-30 ni wọ́n ṣe Vortec fún. Àwọn kan á bu 20W-50 tó ki jù ú lọ sí i nítorí ooru Abuja, wọ́n á tún fi páǹpù ńlá kún un, wọ́n á wá tẹ iná mọ́lẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́ ní Jos kí ọ́ìlì tó yọ́.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni yíyí dísíbútọ̀ Vortec láti “ṣe táímìn”. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ṣẹ́ lórí Peugeot 504 tí wọ́n máa ń tò ní Kaduna nígbà kan rí, mo mọ ibi tí ọwọ́ yín ti mọ́ ọn lára. Nínú Vortec, sẹ́ńsọ̀ kíráǹkì (ọ̀pá ńlá tí písítìnnì ń yí) ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ ìgbà tí iná yóò tàn. Ẹ yí dísíbútọ̀ di alẹ́, ìgbà yẹn kò ní yẹ̀. Ohun tí ẹ ń yí ni ibi tí rótọ̀, ọwọ́ kékeré tó ń pín iná, dojú kọ nínú káàpù, àti bí sẹ́ńsọ̀ káàmù ṣe bá ti kíráǹkì mu. Bí ó bá jìnnà jù, kóòdù P1345 (káàmù àti kíráǹkì kò bára mu) á yọ, iná á máa fò sí wáyà tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa kọsẹ̀, réwáyà á sì ní kí ẹ lọ ra kọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àti wáyà. Ẹ so sikánà mọ́ ọn, ẹ wá Cam Retard Offset, iye dígírì tí káàmù fi yẹ̀ sí kíráǹkì, ẹ tẹ ẹ́ńjìnnì kọjá 1,000 rpm, kí ẹ sì dá a dúró síbẹ̀. 0 ló yẹ kó jẹ́. Kó má fi ju 2 lọ sókè tàbí sódò. Bí ó bá dúró gbọin sórí 9, ẹ tú bàùtì, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń jó, 3, 8, 1, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ yí i tí yóò fi dúró. Nǹkan ti jẹ.

Ṣéènì tó so kíráǹkì mọ́ káàmù ni àbí jíà? Ẹ yọ orí bátìrì, ẹ ṣí káàpù. Kí ẹnì kan fi sípánà gígùn di bàùtì iwájú kíráǹkì mú kó má yí, kí ẹ fi ọwọ́ yí rótọ̀ lọ, yí i bọ̀. Kíńkín àyè kò burú. Bí ó bá pọ̀, jíà ni. Bí rótọ̀ kò bá mì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ yí kíráǹkì lọ bọ̀ tó pẹ́ kí rótọ̀ tó gbọ̀n, ṣéènì ti fà. Iṣẹ́ yìí kò ná wa ní kọ́bọ̀, bóyá ìdí nìyẹn tí àwa mẹkáníìkì kì í fi ṣe é.

Káàmù onírólà tún máa ń rìn. Ojú káàmù tápẹ́ẹ̀tì pẹrẹsẹ dagun díẹ̀, èyí ló ń tì í sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ti rólà kò dagun, àwo kékeré oníbàùtì méjì níwájú ló ń dì í mú. Ẹni tó gbé rólà sínú búlọ́ọ̀kù àtijọ́ láìsí ohun ìdádúró, káàmù rẹ̀ á máa lọ síwájú sẹ́yìn, eyín jíà tó dagun á sì máa fi yí dísíbútọ̀.

Bí wọ́n bá ti sikíìmù hẹ́ẹ̀dì (fá ojú rẹ̀), ìntéèkì tí dísíbútọ̀ jókòó lé á lọ sílẹ̀, dísíbútọ̀ á wọlé jù. Ẹ di bàùtì rẹ̀ tán, kí ẹ fa ọ̀pá rẹ̀ sókè sódò: ó yẹ kó mì láàárín 0.25 mm sí 0.75 mm. Bí kò bá mì rárá, ó ti há mọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ nìyẹn. Wọ́ṣà tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ló kàn.

Eyín 13 ni jíà náà ní. Ihò kékeré tó jẹ́ àmì lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí imú rótọ̀ kọjú sí. Bí ẹ bá kan pín-ìn lódì, ìdajì eyín lẹ fi ṣìnà. Ẹ má sì gbé e wọlé ní gbígbẹ.

Irin tó jẹ kúrò lára jíà ńkọ́? Inú páàǹ ló bọ́ sí. Páǹpù ló kọ́kọ́ ń mu ọ́ìlì kí ó tó dé fílítà, nítorí náà fílítà tuntun nìkan kò gbà yín. Ẹ gé èyí àtijọ́ wò, ẹ sọ páàǹ kalẹ̀, ẹ fọ asẹ́ ẹnu páǹpù, ẹ tú páǹpù fúnra rẹ̀. Bí eérún irin bá há sínú rẹ̀, yóò le láti yí, jíà tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni yóò sì máa fi eyín yí i.