Bí Ẹ Ṣe Máa Fi Ọmọ Sílẹ̀ fún Olùtọ́jú Tuntun Lálẹ́ Òde

Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ alẹ́ òde gan-an ni àwọn ọmọ máa kọ́kọ́ rí olùtọ́jú. Ẹ pè é wá ṣáájú, kó bá wọn ṣeré fún wákàtí 2 lójú yín. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ nídìí páńpáàsì.

Ẹ bọ́ àwọn ọmọ yó kí ẹ tó jáde. Olùtọ́jú kò gbọ́dọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ní ẹ̀pà. Ó lè há a lọ́fun. Bí ara ọmọ bá gbóná, kó pè yín kó tó fún un lóògùn.

Bí iná bá lọ, àtùpà tí ẹ ti cháájì ni kó tàn. Jẹnẹrétọ̀ kọ́! Afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀ kì í rùn, ojú oorun ló ti ń pani. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn onírin sílẹ̀ nínú ilé. Ẹni tí a tì mọ́lé láti ìta kò lè sá fún iná.

Ẹ kọ nọ́mbà yín, ti aládùúgbò kan àti 112, nọ́mbà pàjáwìrì, sára ògiri. Ariwo òde ní Kútọ̀, l'Ábẹ́òkúta, kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ fóònù, aládùúgbò ló máa kọ́kọ́ dé.

Ẹ má yọ́ jáde. Ẹ dágbére, kí ẹ sì lọ. Pípadà wá wò ó ló ń fa ẹkún gùn. Bí ẹ bá máa pẹ́, kí olùtọ́jú sùn síbẹ̀.