Ẹ má kọ́ òyìnbó kámpọ́ọ̀sì lẹ́yọ lẹ́yọ

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ fẹ́ wọlé sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, Ìjagun tàbí Ìlíṣàn, ẹ má há ọ̀rọ̀ òyìnbó sórí lẹ́yọ kan, ẹ mú un pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣe tó máa ń bá a rìn bíi gàrí Ìjẹ̀bú àti ẹ̀pà. "Course" nìkan ò lè gbà yín lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì, àmọ́ "register for a course", "drop a course", "fail a course", ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ tó ṣeé sọ. Ìdí ni pé "ṣe" la máa ń fi ṣe gbogbo nǹkan ní Yorùbá, a ń ṣe ìdánwò, a ń ṣe asáínmẹ́ǹtì, tá a bá wá gbé e lọ bẹ́ẹ̀ á di "do exam", nígbà tó jẹ́ pé "take an exam" tàbí "sit an exam" ni wọ́n ń sọ. Ẹ mú márùn-ún lóòjọ́, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn nípa ara yín, kẹ́ ẹ fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀ (ẹ gbọ́ ọ padà o, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà). Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá gbọ́ ní kámpọ́ọ̀sì ló ń kọjá bọ́dà: "jambite" (akẹ́kọ̀ọ́ tuntun) àti "carry over" (kọ́ọ̀sì téèyàn féèlì tó máa tún ṣe) tiwa ni, "fresher" ni wọ́n ń sọ ní Ìlú Ọba, "freshman" l'Amẹ́ríkà, ẹni tó bá sì tún kọ́ọ̀sì ṣe, "retake" ló ń ṣe.