Yíyí fídíò MPEG-2 padà sí H.264 fún tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì
MPEG-2 àti H.264 jẹ́ ọ̀nà méjì tí à ń gbà fún fídíò pọ̀ kó lè kéré; H.264 ló dé kẹ́yìn. Bí ojúlówó fídíò tí kò tíì gba inú MPEG-2 kọjá bá wà, òun ni kí ẹ lò: àbàwọ́n tí MPEG-2 ti fi sára àwòrán, ṣe ni H.264 á tún máa ná bíìtì lé e lórí. Ìkànnì SD (èyí tí àwòrán rẹ̀ kò tó HD) tó ń jẹ 4 Mbps (mílíọ̀nù bíìtì mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ní MPEG-2 sábà máa ń dára ní nǹkan bí 2 Mbps ní H.264. Eré bọ́ọ̀lù ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí àlàfo àárín PCR kan sí èkejì (àmì aago tí dékódà fi ń tọ́ àkókò rẹ̀ sọ́nà) ju 40 ms lọ.

PMT, tábìlì tó ń sọ fún dékódà irú fídíò àti ohùn tó wà nínú ìkànnì, gan-an ló máa ń dá iṣẹ́ rú. Stream type fídíò (nọ́ńbà tó ń sọ irú rẹ̀) gbọ́dọ̀ kúrò ní 0x02, ti MPEG-2, kó di 0x1B, ti H.264. Bí ẹ bá gbàgbé ẹ̀, ohùn á máa dún, ojú tẹlifíṣọ̀n á dúdú kirikiri. Dékódà tó mọ MPEG-2 nìkan kò ní lè ṣí fídíò H.264 rárá. Ẹ pààrọ̀ irú dékódà bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó pa ìkànnì MPEG-2 àtijọ́.