Bí Màmá Bá Ń Sanra, Tí Ara Ò sì Le: Ohun Tí Ọmọ Lè Ṣe

Ìyá tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kì í sábà ráhùn pé òun sanra. Orúnkún ló máa ní ó ń dun òun, tàbí pé bí òun bá gun àtẹ̀gùn, ńṣe lòun ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ibẹ̀ ni kí ọmọ gbà wọlé. Bí ẹ bá la ẹnu pé "Màámi, ẹ ti sanra jù," ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, torí lọ́dọ̀ wa, ara tó kún ni ẹ̀rí pé àwọn ọmọ ń tọ́jú ìyá wọn. Ẹ sọ pé: "Màámi, orúnkún tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́sí, ẹ jẹ́ ká lọ yẹ̀ ẹ́ wò. A jọ máa lọ ni." Ẹ má sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, ẹ má sì sọ ọ́ lójú ìyàwó ọmọ wọn. Bí wọ́n bá ní àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀, ẹ tètè fi ọ̀rọ̀ náà tó o létí, torí òun náà ló máa wá kí wọn lóṣù tó ń bọ̀, táá ní "Kí ló dé tẹ́ ẹ rù báyìí?"

Kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ẹ wọn nǹkan mẹ́ta. Ikùn ni àkọ́kọ́. Ẹ fi tépù télọ̀ yí agbedeméjì egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí ká, lẹ́yìn tí wọ́n bá mí síta. Ewu ń bẹ̀rẹ̀ ní 80 sẹ̀ǹtímítà fún obìnrin, ó sì ń pọ̀ sí i ní 88. Ọ̀rá tó yí ikùn ká ló ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ rìn, ju ti ìdí àti itan lọ.

Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ (BP) ni ìkejì, òun ló ń gba sùúrù. Kí wọ́n ti tọ̀, kí wọ́n má jẹ obì, kí wọ́n má sì mu kọfí láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ṣáájú. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ibi tó ti sábà máa ń bàjẹ́ ni aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá. Bí apá bá tóbi, tí aṣọ náà kéré, iye tí ẹ̀rọ á gbé jáde á ga ju bó ṣe yẹ lọ, màmá á wá máa lo oògùn tí kò tọ́ sí wọn. Ẹ fi tépù wọn agbedeméjì apá òkè, kí ẹ wá ka ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára aṣọ náà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí tòkè bá dé 140 tàbí tìsàlẹ̀ dé 90 ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà.

Ìkẹta ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ tí oúnjẹ ò kan ẹnu. Bó bá dé 126 mg/dL, kí wọ́n lọ tún un yẹ̀ wò ní ọsibítù.

Ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nílé sínú ọ̀rá kan, àti àgbo, kí dókítà rí i. Oògùn orúnkún tí wọ́n ń pò pọ̀ fún wọn ní kẹ́míìsì lè ní prednisolone tàbí dexamethasone nínú, ìyẹn sì ń mú ojú wú, ó ń fa ebi, ó ń gbé ìfúnpá àti ṣúgà sókè. Diclofenac àti ibuprofen, tí wọ́n jẹ́ oògùn ìrora, náà ń gbé ìfúnpá sókè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń lo prednisolone fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má gbà á kúrò lọ́wọ́ wọn lójijì. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, torí ara tó ti gbára lé e lè dákú.

Ẹ tún fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun wọn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bí ibẹ̀ bá jìn kòtò, tí kò tètè kún padà, omi ni, kì í ṣe ọ̀rá. Ọkàn, kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ lè fà á, oògùn ìfúnpá bí amlodipine náà sì lè fà á. Oúnjẹ tí a dín kù ò ní wò ó. Ẹni tó sì ń rù láìdín oúnjẹ kù, ẹ má bá a yọ̀: kílò mẹ́rin tó bá kúrò lára ẹni 80 kílò láàárín oṣù mẹ́fà láìnídìí, àyẹ̀wò ló ń fẹ́.

Tó bá wá kan oúnjẹ, ìkòkò gbogbo ilé ni kí ẹ yí padà. Bí ẹ bá ń se ọ̀tọ̀ fún màmá, kò ní pẹ́ tó fi máa sú wọn, torí ńṣe ló máa dà bíi pé ẹ ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí òróró ọbẹ̀ ata. Ohun tó ń mú un pọ̀ ni pé ata lílọ̀ ṣì lómi. Bí a bá dà á sínú òróró bẹ́ẹ̀, ọbẹ̀ á kan, a ó wá máa da òróró kún un. Ẹ kọ́kọ́ gbé ata náà kaná lásán, kí ó hó títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, táá fi máa ta sára ìdérí. Lẹ́yìn náà, ṣíbí ìjẹun mẹ́rin òróró tó din ọbẹ̀ èèyàn mẹ́rin. Ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, ẹ má dà á láti ẹnu ike, torí ṣíbí kan tó kálórì 120. Àlùbọ́sà àti irú tí wọn ò fi iyọ̀ sí ni kí ẹ fi rọ́pò magí: gbogbo iyọ̀ òòjọ́ àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù márùn-ún lọ, ìyẹn ṣíbí tíì kan, ti inú magí sì wà níbẹ̀.

Àmàlà ò ní láti kúrò nílé. Kí òkèlè gba ìdá kan nínú mẹ́rin àwo, kí ẹja tàbí ẹwà gba ìdá kan, kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì. Ewédú àti ilá ò tiẹ̀ nílò òróró. Minera ńkọ́? Ẹ ka ara ìgò: bí ṣúgà bá jẹ́ gíráàmù 10 nínú 100 milílítà, ìgò 50 sẹ̀ǹtílítà kan ti kó ṣúgà bíi ṣíbí tíì méjìlá wọlé.

Kí ẹ jọ máa rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn oúnjẹ, kó máa pọ̀ sí i títí á fi di ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ẹni tó wọn 90 kílò, bí kílò 4.5 bá kúrò, ìfúnpá àti ṣúgà á ti mọ̀ ọ́n. Orúnkún náà á mọ̀ ọ́n, torí kílò kan lára ń wúwo bíi mẹ́rin lórí orúnkún bí a bá ń rìn.

Ẹ má ra tíì tí wọ́n ní ó ń mú èèyàn rù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ewé sena ló wà níbẹ̀, ìgbẹ́ ló ń mú èèyàn yà: omi ló ń bá a lọ, ọ̀rá ò kúrò. Ẹni tó ń lo insulin tàbí glibenclamide fún àtọ̀gbẹ ò sì gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀, ti Rámádáànì tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, àfi tí dókítà bá tún oògùn rẹ̀ ṣe ṣáájú, torí ṣúgà lè já wálẹ̀ débi tí wọ́n á fi dákú.

Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ìkòkò máa bá iṣẹ́ lọ. Àmọ́ kò sí sùúrù fún àyà tó ń dùn wọ apá, ẹnu tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ tí kò ṣeé gbé, tàbí ọ̀rọ̀ tó ń lọ́. Ẹ má fún wọn ní àgbo tàbí omi mu, torí ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, torí bó bá jẹ́ rọpárọsẹ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì, oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ náà ká, kí wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ tó pé látìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n lè fún wọn.