Owó yín ń wọmi: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń foògùn bakitéríà pa tanwíjí

Òjò ti tún bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn sì ti tún ń pè mí pé oògùn tanwíjí (ọmọ ẹ̀fọn inú omi) táwọn rà ò ṣiṣẹ́. Oògùn yẹn ń ṣiṣẹ́ o. Ọdún 1976 ni wọ́n ti rí bakitéríà tí wọ́n fi ṣe é, tí wọ́n ń pè ní Bti (Bacillus thuringiensis israelensis), nínú omi kan ní aṣálẹ̀ Negev ní Ísírẹ́lì, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń dà á sódò ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí, Benin àti Tógò wà nínú ẹ̀, láti fi pa ọmọ eṣinṣin odò tó ń fọ́ni lójú, nígbà tí eṣinṣin náà ò ka kẹ́míkà tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ sí mọ́. Àwọn ará Jámánì ń fi hẹlikópítà fọ́n ọn sí etí odò Rhine títí dòní. Torí náà ẹ fi oògùn sílẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó ni mo fẹ́ bá yín wí lé lórí, torí owó gidi làwọn èèyàn ń dá jọ, ibà ò sì yéé dá ọmọ wọn gúnlẹ̀.

1. Gọ́tà lẹ ń dà á sí

Gọ́tà, sọ́kàwè, omi ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀. Culex ló pọ̀ jù nínú ẹ̀fọn tó ń jáde níbẹ̀, òun ló ń kọrin sí yín létí lóru, á jẹ yín, ẹ máa họra, àmọ́ kì í gbé ibà. Anopheles ló ń gbé ibà, omi tí ò jìn tí oòrùn ń rí lòun sì fẹ́ràn jù: ipa táyà típà, kòtò táwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù gbẹ́ sílẹ̀, kànga kéékèèké táwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ fi ń bomi rin oko, ojú ẹsẹ̀ màlúù. Ní Èkó, wọ́n ti ń bá a nínú omi ìdọ̀tí náà, torí náà ẹ má fi òórùn omi dá a mọ̀, ẹ bù ú wò. Ẹ fi abọ́ funfun bù ú létí omi, ẹ má jẹ́ kí òjìji yín ṣú bo omi kẹ́ ẹ tó bù ú, torí àwọn tanwíjí máa sá lọ sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé e dúró jẹ́ẹ́. Tanwíjí tó bá dorí kodò tó na ìdí sókè, Culex ni. Èyí tó bá nà gbalaja sójú omi bí ẹni sùn sórí ẹní, òun lẹ̀ ń wá, ibẹ̀ sì ni kí owó yín lọ.

2. Ojú lẹ fi ń wọ̀n ọ́n

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra sìkéèlì kékeré. Bí páálí bá sọ pé gíráàmù 500 fún hẹ́kítà kan, hẹ́kítà kan jẹ́ mítà 100 níbùú, mítà 100 lóròó; ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara wọn, ó di 10,000. Kòtò tó gùn ní mítà márùn-ún tó fẹ̀ ní mítà mẹ́rin, 20 péré ni tiẹ̀, gíráàmù kan ló fẹ́! Ẹ̀ ń dá ìdajì agolo mílíìkì sí i, oògùn tó yẹ kó ká gbogbo àdúgbò lẹ dà sínú kòtò kan yẹn. Kò sì ní torí pé ó pọ̀ kó wá ṣiṣẹ́ fún oṣù kan.

3. Ẹ̀ ń da epo dísù, hypo tàbí òtápìápíà mọ́ ọn

Ẹ má dán an wò. Tanwíjí gbọ́dọ̀ jẹ oògùn yìí kó tó kú. Bakitéríà náà gbé èròjà kan dání tó máa ń yọ́ nínú ikùn tanwíjí, nítorí ikùn ẹ̀ kì í kan bíi tiwa, ibẹ̀ ló ti máa lu ìfun ẹ̀ jáde, kó tó di ọjọ́ kejì ó ti kú. Ìdí nìyẹn tí ò fi ṣe ẹja ní nǹkan kan, tí ò ṣe ewúrẹ́, tí ò ṣe èèyàn. Tẹ́ ẹ bá wá fi òtápìápíà sí i, ẹ ti pa ọmọ lámilámi tó wà nínú omi náà, òun sì rèé, tanwíjí gan-an ni oúnjẹ ẹ̀. Ẹ lé ọlọ́dẹ lọ, ẹ wá ń pariwo olè.

4. Ẹ̀ ń fín in sínú yàrá. Ẹ̀fọn tó ti ń fò ò ní jẹ ẹ́, ẹ ṣíwọ́.

Èyí tó kàn yìí, òun gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́. Ẹ máa ń dà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò sì ní padà dé ibẹ̀ mọ́.

Nínú ooru tiwa níbí, láti ẹyin títí tí ẹ̀fọn á fi fò, bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá ni. Oògùn tẹ́ ẹ dà sójú omi lónìí, oòrùn á pa á, ìyókù á rọ̀ lọ sísàlẹ̀ níbi tí tanwíjí Anopheles ò ti ń jẹun, torí ojú omi ni tiẹ̀ ti ń jẹ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti tán. Ẹ̀fọn míì á sì wá yé ẹyin síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Nítorí náà ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni, kòtò kan náà, títí òjò á fi lọ. Kò sí ọ̀nà àbùjá.

Àwọn onílé kan létí Ìkòròdú dáwó jọ, wọ́n ra oògùn páálí-páálí. Ọjọ́ tí wọ́n máa kọ́kọ́ fín in, wọ́n ta kánópì, wọ́n gbé máìkì, wọ́n ya fọ́tò rẹpẹtẹ, àwọn ọmọkùnrin méjì gbé ẹ̀rọ ìfínko kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n fín gbogbo omi tó wà lójú títì. Ó parí síbẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n fi máa pè mí pé kí n wá wo oògùn gbàrọgùdù tí wọ́n tà fáwọn, òjò ti rọ̀ dáadáa. Mo lọ sẹ́yìn fẹ́ǹsì níbi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù, mo bu omi nínú kòtò kan tí ò tóbi ju tábìlì lọ, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, kéékèèké, ńláńlá, àtàwọn tó ti ká kò tó ń múra àtifò. Mo bi akápò wọn pé ta ló ń padà wá fín in, ó ní owó ti tán sórí oògùn, kò sóhun tí wọ́n máa san fáwọn ọmọ náà. Páálí tó kù wà lábẹ́ páànù gbígbóná ní yàrá géétìmáànù, omi ti wọ ọ̀kan, ó ti dì gbagidi. Màmá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu géètì gbé ọmọ tí ibà ń ṣe lé ẹsẹ̀, ó bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé kì í ṣe oògùn yẹn náà ni wọ́n fín lọ́jọ́sí ni?" Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ náà, ó sì ń bí mi dòní, torí màmá yẹn náà dáwó.

Owó ẹni tó máa rìn káàkiri fín in lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀. Ẹ ka iye ọ̀sẹ̀ tó wà láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, ẹ ṣírò owó iṣẹ́ ẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni kẹ́ ẹ fi ra oògùn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní Dar es Salaam ní Tanzania, ará àdúgbò ni wọ́n gbà, wọ́n pín ilẹ̀ fún wọn, kálukú ń rin tiẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn kan sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn láti bu omi wò. Ọdún 2015 ni wọ́n tó ṣí ilé iṣẹ́ oògùn náà pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Cuba ní Kibaha. Àwọn tó ń rìn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ilé iṣẹ́ tó dé.

Tẹ́ ẹ bá padà dé lẹ́yìn ọjọ́ méje, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń wò. Tanwíjí tíńtìntín ò túmọ̀ sí pé oògùn kùnà, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni. Àwọn tó ká kò, tó ń ta kìtì nínú omi, ìyẹn ló burú, torí wọn kì í jẹun mọ́, oògùn ò lè pa wọ́n. Tẹ́ ẹ bá rí wọn lọ́jọ́ keje, ẹni tó ń rìn ti fo kòtò yẹn, ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀.

Ibi tí koríko ti bo omi, oko ìrẹsì bí àpẹẹrẹ, ẹ má fi omi fín in, orí ewé ni gbogbo ẹ̀ máa dúró sí. Ẹ ra oníhóró tí wọ́n fi ṣùkù àgbàdo lílọ̀ ṣe, òun máa já bọ́ sínú omi.

Kòtò tí típà yanrìn kan lè dí, ẹ dí i.

Oògùn tẹ́ ẹ bá ti pò mọ́ omi, ẹ lò ó tán lọ́jọ́ náà.

Tó bá jẹ́ pé abúlé lẹ wà, tí ojú ẹsẹ̀ màlúù kún gbogbo ilẹ̀ láàárín òjò, ẹ má náwó sí i lásìkò yẹn. Àjọ WHO náà ní ibi tí omi ò ti pọ̀, tó ń dúró lójú kan, tó sì rọrùn láti rí ni iṣẹ́ yìí wà fún. Ẹ dúró dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi á ṣẹ́ kù díẹ̀, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Níbi gbogbo sì ni, ẹ má tú nẹ́ẹ̀tì yín kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì torí pé ẹ ra oògùn.

Omi inú tanki àti dúrọ́ọ̀mù ńkọ́? Anopheles stephensi, ẹ̀fọn ibà míì tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Áfíríkà ní Djibouti lọ́dún 2012, ti wọ Nàìjíríà, irú omi bẹ́ẹ̀ ló sì fẹ́ràn. Ẹ dé e kó má sí àlàfo. Tẹ́ ẹ bá máa foògùn sí omi mímu, àfi kó wà lára páálí pé ó ṣeé lò fún omi mímu, kẹ́ ẹ sì wọn ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún un.